Ìdúró Ṣinṣin Kì í Ṣe Ìdúró Sójú Kan

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ìtìjú rẹ̀ kan èmi fúnra mi. Bí n kò bá sì sọ ọ́, n kò ní lè fi ẹnu mi wàásù rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan ní ọdún 2018, mo ń wàásù lórí Hébérù orí 13 ẹsẹ 8, níbi tí a ti kọ́ wa pé Jésù Krístì kì í yí padà. Bí mo ti gbójú sókè, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó dorí kodò, tí ó ń fi ìka tẹ fóònù. Inú bí mi. Mo dá ìwàásù dúró, mo ní, "Ìwọ tí o ń fi fóònù ṣeré nínú ilé Ọlọ́run, bí o kò bá mú Bíbélì wá, jáde!" Gbogbo ìjọ yíjú sí i. Ọmọ mi ni. Ó dìde, ó sì jáde. Nígbà tí a délé ni ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé inú fóònù yẹn ni ó ti ń ka ẹsẹ tí mo dárúkọ. N kò dáhùn. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni ọmọ náà kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé ìjọsìn wa.

Láàárín oṣù wọ̀nyẹn ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Ìyàwó mi bẹ̀ mí títí kí n tó lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó jẹ́ 180 lórí 110. Dókítà béèrè ohun tí mo máa ń jẹ. Mo ní ohun tí mo ti ń jẹ láti ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 25 náà ni: ẹ̀bà ńlá lálẹ́, ẹran, àti ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ dùn dáadáa. Mo tún fi kún un pé, "Ọlọ́run tí mo ń sìn kì í yí padà, èmi náà kò yí padà."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Pásítọ̀, Ọlọ́run kì í yí padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara tí ó dá fún yín kò fìgbà kan dúró sójú kan rí." Ó ṣàlàyé fún mi pé àwọn hóró pupa inú ẹ̀jẹ̀ wa kì í lò ju nǹkan bí 120 ọjọ́ lọ tí wọ́n fi ń kú, tí mùdùnmúdùn inú egungun sì ń ṣe òmíràn dípò wọn. Ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára mi ní ọjọ́ tí mo ṣe ìrìbọmi kò sí lára mi mọ́, síbẹ̀ èmi náà ni mo ṣì ń jẹ́ orúkọ mi. Ó ní kí n wo ooru ara, tí ó máa ń wà ní ìwọ̀n 37. Bí oòrùn bá mú, ara a làágùn kí ó lè tutù. Bí ọyẹ́ bá dé, ara a gbọ̀n kí ó lè móoru. Tọ̀sán-tòru ni ara ń ṣiṣẹ́ kí ìwọ̀n yẹn má baà yẹ̀. Ó wá ní iṣan ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà máa ń le ju ti ọ̀dọ́ lọ, nítorí náà ohun tí mo ń jẹ ní ọmọ ọdún 25 ti di ẹrù fún mi. Ó fún mi ní oògùn, mo sì gba ilé lọ.

Ìrókò kan wà ní ẹ̀bá ọ̀nà ilé wa. Ẹ̀ẹ̀rùn ni nígbà náà, ìrókò náà sì ti wọ́wé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń rò pé ó ti kú ni, títí òjò yóò fi dé tí yóò tún rúwé. Ní ìgbà òjò náà, ọ̀gọ̀dọ̀ omi kan máa ń wà nítòsí rẹ̀ tí kì í ṣàn lọ síbì kankan, ibẹ̀ ni ẹ̀fọn ń yé sí. Mo dúró, mo ń wò ó. Igi tí ń wọ́wé ni ó ti dúró láti ayé àwọn bàbá wa. Omi tí kò kúrò lójú kan ni ó ń bí ẹ̀fọn tí ń kó ibà bá wa.

Níbẹ̀ ni mo ti rántí bàbá mi. Alàgbà ìjọ ni wọ́n, Bíbélì ògbólógbòó kan sì wà lórí tábìlì wọn. Ẹ mọ̀ pé ọdún 1884 ni odindi Bíbélì Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe làálàá lé lórí jáde. Àkọtọ́ ìgbà náà ni àwọn òbí wa fi kọ́ ìwé kíkà. Ní ọdún 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun fún ilé ìwé: "aiye" di "ayé", "enia" di "ènìyàn", "yio" di "yóò", "nwọn" di "wọ́n".

Mo wà ní kíláàsì kẹrin ní ọdún 1978. Mo kọ "ayé" sínú ìwé iṣẹ́ mi. Bàbá mi rí i, wọ́n mú báírò, wọ́n fi "i" sí i padà. Ní ọjọ́ kejì olùkọ́ fi pupa fa igi lé e, ó sì fún mi ní ẹgba méjì. Nígbà tí mo délé, bàbá mi ní, "Ta ni yóò yọ lẹ́tà kúrò nínú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run?" Láti ọjọ́ náà, "aiye" ni mo ń kọ nílé, "ayé" ni mo ń kọ ní ilé ìwé.

Ní ọdún 2012, ojú bàbá mi ti di bàìbàì, wọn kò lè rí lẹ́tà wẹ́wẹ́ inú Bíbélì wọn mọ́. Mo bá wọn da Sáàmù 23 kọ sórí pépà fífẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà. N kò tilẹ̀ ronú, àkọtọ́ ilé ìwé ni mo fi kọ ọ́. Wọ́n ń fi ìka tọ̀ ọ́, wọ́n ń kà á, títí wọ́n fi dé ẹsẹ ìkẹyìn tí "ayé" wà. Ìka wọn dúró. Àyà mi já bí ti ọmọdé. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Wọ́n ti yọ lẹ́tà kan. Ọ̀rọ̀ náà kò sì dín." Wọ́n kà á parí, wọ́n ṣe àmín. Ní ọdún náà ni wọ́n sùn nínú Olúwa.

Lábẹ́ ìrókò yẹn ni mo ti mọ̀ pé báírò bàbá mi ti bọ́ sí ọwọ́ mi. Bí ó bá jẹ́ pé a kò gbọ́dọ̀ kúrò lójú kan, ìwé kíká ni ì bá ṣì wà lọ́wọ́ wa, nítorí ìwé kíká ni wọ́n fi lé Jésù lọ́wọ́ ní Násárẹ́tì, gẹ́gẹ́ bí Lúùkù orí 4 ti wí. Àwa tí à ń lu ìlù, tí à ń pàtẹ́wọ́ yin Ọlọ́run, ṣé a ti gbàgbé pé àwọn kan ti pe ìyẹn ní ariwo rí?

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Kì í ṣe gbogbo ìyípadà ni ìyè. Bí hóró kan nínú ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i láìgba àṣẹ ara mọ́, jẹjẹrẹ ni à ń pè é. Ẹ̀kọ́ tí ó ní kí a fi ìwà mímọ́ sílẹ̀ nítorí pé ayé ti lajú, jẹjẹrẹ ni. Nítorí náà, bí ohun tuntun bá dé, ẹ jẹ́ kí a béèrè pé: ṣé ó ń pa ọ̀rọ̀ náà mọ́, àbí ó ń pa ọ̀rọ̀ náà? Fóònù ọmọ mi ń pa á mọ́. Ìbínú mi ni ó fẹ́ pa á.

Mo lọ bá ọmọ náà ní yàrá rẹ̀. Mo ní, "Má bínú. Mo ṣẹ̀ ọ́ lójú ìjọ, lójú ìjọ náà ni n ó ti sọ ọ́." Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀." Mo sọ ọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e. Kò wá lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni ó wọlé, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá.

Lónìí, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀ ni mo máa ń lo oògùn mi, mo sì ti dín ẹ̀bà alẹ́ kù. Nígbà mìíràn, ọmọ mi ni ó ń ka Bíbélì fún ìjọ láti inú fóònù rẹ̀, èmi a sì ṣí Bíbélì bàbá mi sórí ẹsẹ̀ mi. "Aiye" ni ojú mi ń rí, "ayé" ni ó wà lójú tirẹ̀. Ohun kan náà ni etí ìjọ ń gbọ́.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, bí ọmọ kan bá ti jáde nínú ilé yín tàbí nínú ìjọ nítorí báírò ọwọ́ yín, ẹ lọ bá a lọ́sẹ̀ yìí. Kí Olúwa tí kì í yí padà máa sọ wá di ọ̀tun lójoojúmọ́, ní orúkọ Jésù. Àmín.