Ìka Mẹ́wàá Nítorí Ìbọn Kan

Bàbá mi kò mọ̀wé. Àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń tẹ ìwé: ìwé owó kòkó, ìwé ilẹ̀, títí kan láísẹ́ńsì ìbọn ọdẹ wọn. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, wọn a nu yíǹkì sára ṣòkòtò, àwa ọmọ a sì bú sẹ́rìn-ín. Ìka kan péré ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọlọ́pàá bá ní kó wá tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, àwa ọmọdé pàápàá mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé.

Èrò yìí ni mo gbé dé ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, níbi tí mo ti ń ta iṣu, gàrí àti elùbọ́. Ní ọdún 2019, àwọn ọlọ́ṣà wọ ṣọ́ọ̀bù wa lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta. Ìyàwó mi ni wọ́n bá nídìí owó lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n na ìbọn sí i. Láti ọjọ́ náà, oorun ò kùn mí mọ́. Mo ní àfi kí n ra ìbọn ìléwọ́ kan.

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2013, òfin ibẹ̀ ní kí ẹni tó bá fẹ́ ra irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ. Yóò kọ́ ẹ̀kọ́ wákàtí mẹ́rin, yóò yìnbọn lójú olùkọ́, yóò sì tẹ̀ka kí wọ́n lè wò ó bóyá ó ti dáràn rí. Ẹ̀kọ́ ò ni mí lára, ọmọ ọdẹ ni mí. Ìka yẹn ni ó bí mi nínú.

Mo délé, mo ń ráhùn. "Èmi tí n ò jí abẹ́rẹ́ rí!"

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, nígbà tí ẹ ń wá gíríìn káàdì, ṣé ìka ẹsẹ̀ lẹ fi tẹ̀ ẹ́ ni?"

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àlejò ni mí nígbà náà. Ó yẹ kí onílé bi mí pé ta ni mí. Mo ti wá di ọmọ onílùú, wọ́n tún ní kí n fi hàn pé èmi kọ́ ni olè! Mo rán an létí pé ní 2015, àwọn olè orí kọ̀ǹpútà jí ìtẹ̀ka ènìyàn mílíọ̀nù 5.6 lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá jí orúkọ mi, mo lè pa á dà. Níbo ni n óò ti ra ìka mìíràn?

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó na ìbọn sí mi ńkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ kí òun náà kàn wọlé lọ rà á ni?"

Ẹnu mi wọhò.

(Àwọn kan gbé òfin náà lọ sílé ẹjọ́. Ní 2023, àwọn adájọ́ wọ́gi lé e; ní 2024, àpapọ̀ adájọ́ ilé ẹjọ́ kan náà ní kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ rí i pé èmi nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń dà láàmú.)

Mo lọ. Orí gíláàsì ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, kò sí yíǹkì. Àtàǹpàkò ọ̀tún mi kọ̀, kò hàn. Iṣu tí mo ń gé lójoojúmọ́ ti ha á. Ọmọbìnrin tó di ọwọ́ mi mú ní kí n fi omi pa á, kí n tún un tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni kó tó gbà.

Bí mo ṣe jáde, àfi bí mo ṣe rí i pé mo ń nu ọwọ́ sára ṣòkòtò.