ÀGBÁDÁRÌGÌ: ILÉ ÀTIJỌ́ Ń ṢÓFO, ALÁGBÀTÀ ILẸ̀ Ń ṢỌ́ Ọ

Kò sí ọmọ iléèwé tí kò mọ̀ pé Àgbádárìgì ni ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà. Àwọn òyìnbó ìjọ CMS ló kọ́ ọ. Wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, wọ́n parí rẹ̀ ní 1845, ó sì wà létí ọ̀sà níbẹ̀ di òní. Ọdún 1845 yẹn náà ni Àjàyí Crowther, Townsend àti Gollmer gúnlẹ̀ sí ìlú náà. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, àmọ́ ogun dí ọ̀nà, Ṣódẹkẹ́ tí ì bá gbà wọ́n lálejò sì ti kú. Ni wọ́n bá jókòó sí Àgbádárìgì fún bí ọdún kan àtààbọ̀.

Ẹni tó bá rí ìyẹn tán, ọ̀dọ̀ Sẹ́ríkí Williams Abass ló kù, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú pa mọ́ kí wọ́n tó tù wọ́n kọjá ọ̀sà. Àlejò ń wọ ibẹ̀, wọ́n ń sanwó, owó náà sì ni ilé fi ń mí.

Ilé tí kò lórúkọ ńkọ́? Ìyẹn ni wàhálà ibẹ̀. Àdúgbò mẹ́jọ ni Àgbádárìgì ní láti àtètèkọ́ṣe, ilé àwọn bàbá ńlá sì wà níbẹ̀ tí ògiri rẹ̀ jẹ́ amọ̀, tí páànù rẹ̀ ti pọ́n bí osùn, tí fèrèsé onípákó ti ń gbọ̀n nínú afẹ́fẹ́ ọ̀sà. Kọ́kọ́rọ́ ilé wà lọ́wọ́ màmá arúgbó kan. Àwọn ajogún wà ní Èkó, ní Kútọnu, ní Lọ́ńdọ̀nù. Àfi bí òkú bá kú ni wọ́n ń pàdé.

Ilé kì í ti ìpìlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú, orí ló ti ń kú. Ìṣó kan á yọ lára páànù, kò sẹ́ni tó máa rí i torí kò sẹ́ni tó ń sùn síbẹ̀. Òjò ọdún kìíní á ba àjà jẹ́. Tọdún kejì á wọ inú amọ̀. Nígbà tó bá di ọdún kẹta, ògiri ti lanu. Àwọn àgbà sì ti wí i tipẹ́ pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Aláǹgbá ayé ìsìnyí ni alágbàtà ilẹ̀.

Ọ̀nà tó ń fẹ̀ ló ń ta wọ́n jí. Láti 2009 ni ìjọba Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ọ̀nà Àgbádárìgì lójú. Ní 2023, ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2, Okokomaiko ni wọ́n sì ní yóò dé. Ilẹ̀ tí wọn ò bèèrè lánàá ti wá di góòlù. Alágbàtà á dọ̀bálẹ̀: "Bàbá, ilé yìí ti gbó. Ẹ jẹ́ ká wó o, ká kọ́ ṣọ́ọ̀bù sísàlẹ̀, ká gbé fúláàtì lé e. Ṣebí ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i?"

Ká má parọ́, ẹbí náà ní ẹjọ́ tiwọn. Ilé àtijọ́ kì í san owó iléèwé ọmọ. Ìjọba tó ní kí wọ́n má wó o kì í sì í ra páànù fún wọn.

Ẹ wo Ilojo Bar ní Tinúbú, l'Ékòó. 1855 ni ìdílé Fernandez kọ́ ọ. Ní 1956, ìjọba kéde pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ni. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 11 oṣù September 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ìkéde kì í gbé òrùlé dúró.

Kí wá ni ṣíṣe? Àkọ́kọ́, kí ẹbí mọ òfin. Bí ọmọ ẹbí kan bá dá ilé ẹbí tà lẹ́yìn olórí ẹbí, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá sì tà á láìgba ohùn àwọn àgbà ẹbí, kóòtù lè fagi lé e. Èkejì, kí wọ́n gbé èèyàn sínú rẹ̀. Télọ̀, onídìrí, olóúnjẹ, ẹnikẹ́ni tó bá lè rí ibi tí òjò ti ń jò. Ẹ̀kẹta, páànù ni kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe, kí wọ́n má sì sáré rẹ́ sìmẹ́ǹtì mọ́ ògiri amọ̀, torí sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí amọ̀ mí, omi á há sínú, ògiri á sì máa jẹrà. Bí owó bá jẹ́ dandan, kí wọ́n fi ẹ̀yìnkùlé háyà fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù, kí iwájú ilé bàbá wọn dúró.

Fúláàtì tuntun kò ṣòroó rí, gbogbo ọ̀nà Èkó ló kún fún un. Àmọ́ kò sí àlejò tó máa wọkọ̀ wá sí Àgbádárìgì torí kó lè wo fúláàtì.