Ẹ Bi Màmá Kí Ẹ Tó Gbé Wọn Lọ sí Àgbádárìgì

Southend-on-Sea, Ìlú Ọba

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé ẹ fẹ́ gbé Màmá lọ sí Àgbádárìgì, inú mi sì dùn. Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti fi Màmá sórí àga onítáyà, Ṣàṣá sí ọsibítù, ọsibítù sí Ṣàṣá, ìyẹn nìkan ni ìrìnàjò wọn. Ó yẹ kí wọ́n rí afẹ́fẹ́ mìíràn fẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ètò yín tí mi ò fara mọ́. Ẹ ní ẹ ó wọkọ̀ ojú omi kọjá sí erékùṣù Gberefu, kí àwọn ọmọkùnrin ibẹ̀ wá bá yín gbé Màmá dé etí òkun. Ẹ dákun, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, iyanrìn ló kù títí dé ibi tí wọ́n ń pè ní Point of No Return, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú sọdá sí ilẹ̀ òyìnbó. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le pàápàá ń mí hẹlẹhẹlẹ kó tó débẹ̀. Táyà àga Màmá ò lè yí níbẹ̀ rárá. Ṣé ká wá gbé tíṣà àná kọ́ èjìká bí àpò sìmẹ́ǹtì, kí ìró máa tú mọ́ wọn nídìí, kí ará ọjà máa wò wọ́n? Màmá ò ní sọ nǹkan kan níbẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Wọ́n á kàn dákẹ́ ni, títí ẹ ó fi padà dé Ṣàṣá.

Ǹjẹ́ ẹ tilẹ̀ bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ rí? Èmi bi wọ́n lórí fóònù. Wọn ò dárúkọ òkun. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ni wọ́n dárúkọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ṣe tíṣà ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ praímárì pé 1842 ni àwọn míṣọ́nnárì fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, pé 1845 ni wọ́n parí rẹ̀, pé ibẹ̀ ni Àjàyí Crowther ti ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Màmá ò fojú kàn án rí láyé wọn. Marina ní Àgbádárìgì ló wà, ó kọjú sí ọ̀sà, mọ́tò sì ń dé iwájú rẹ̀. Àtẹ̀gùn wà nínú ilé náà o, Màmá ò ní lè dókè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ìsàlẹ̀, kí wọ́n jókòó níwájú ilé náà bó bá ṣe wù wọ́n kó pẹ́ tó, kí ẹ̀yin wá gòkè lọ ya fọ́tò fún wọn. Lẹ́yìn náà ẹ gbé wọn lọ sí ibi tí igi Agia wà tẹ́lẹ̀, níbi tí míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, Thomas Birch Freeman, ti wàásù ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án 1842. Igi náà ti wó láti 1959, ohun ìrántí ló kù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Mẹ́tọ́díìsì ni Màmá, ẹ ò gbọdọ̀ fo ibẹ̀.

Tó bá ṣe pé ọmọ yín ló gbọ́dọ̀ rí òkun, ẹ yà sí Suntan Beach lọ́nà Sẹ̀mẹ̀. Mọ́tò ń dé ìtòsí ibẹ̀. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ ní kí káfíńtà bá yín gé pákó pẹlẹbẹ méjì tó fẹ̀ ju àga Màmá lọ. Ẹ tẹ́ ọ̀kan sórí iyanrìn, ẹ ti àga gùn ún, ẹ tẹ́ èkejì síwájú rẹ̀, ẹ tún mú ti ẹ̀yìn wá síwájú. Ó ń falẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá á jókòó dáadáa nínú àga wọn. Níbi tí pákó ò bá tó, ẹ yí àga padà, kí ẹ máa fà á sẹ́yìn, kí táyà ńlá ṣáájú. Táyà kékeré iwájú ló máa ń rì. Pákó yẹn náà lẹ ó fi gun àtẹ̀gùn kékeré tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì.

Ní ti ọmọ, ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kó bọ́ sínú omi níbẹ̀, kó má ṣe ju kó fi ẹsẹ̀ tẹ ìfófòó lọ. Òkun etíkun wa yìí le, ó ń fa àgbà tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ lọ, áḿbọ̀sì ọmọ ọdún mẹ́ta. Ẹni tó ń ti àga Màmá kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ. Ẹ pín in láti ilé. Aya yín ló ni ọmọ, ẹ̀yin lẹ ni Màmá, kò sí pé "ẹ bá mi dì í mú díẹ̀." Ẹ ti bíréèkì àga náà nígbàkigbà tí ẹ bá dúró, pàápàá ní etí ọ̀sà.

Ní Southend níbí, afárá kan wà tó wọnú omi lọ ju kìlómítà 2 lọ. Ọkọ̀ ojú irin kékeré ń rìn lórí rẹ̀, ẹni tó wà lórí àga onítáyà sì ń wọ̀ ọ́ bí ẹni gbogbo. Ẹ má rò pé àánú òyìnbó ló pọ̀ ju tiwa lọ. Òfin ni, láti 1995. Àwa náà ní òfin. Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2011, ìjọba àpapọ̀ bu ọwọ́ lu tiwọn ní oṣù kìíní 2019, wọ́n sì fún àwọn ilé tí gbogbo ayé ń wọ̀ ní ọdún 5 láti tún ọ̀nà wọn ṣe fún àwọn àkàndá ẹ̀dá. Ọdún 5 náà ti pé ní 2024. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kò sí ọ̀nà fún àga, ẹ má bẹ̀bẹ̀. Ẹ bi í pé ìgbà wo ni yóò wà.

Ẹ sun ibẹ̀ mọ́jú. Lílọ àti bíbọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo á pa Màmá lára. Ẹ gba yàrá ìsàlẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n "yàrá ìsàlẹ̀" nìkan ò tó, nítorí ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ ló máa ń fún jù. Màá ní kí wọ́n fi tépù wọn ilẹ̀kùn yẹn, kí wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ ya fọ́tò, ẹ má sanwó fún un. Ẹ mú póò ọmọ dání, ẹ mú ti Màmá náà. Mo mọ̀ pé ojú ń tì yín láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n omi ni wọn ò ní mu láti àárọ̀ tí wọn ò bá mọ ibi tí wọ́n á ti tọ̀, nínú oòrùn yẹn.

Mọ́tò Sienna ni kí ẹ háyà. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ilẹ̀ rẹ̀ ò ga, àga á sì ká wọ ẹ̀yìn. Ẹ jáde ní ìdájí, kí ẹ gba Ẹ̀gbẹ́dá bọ́ sí Ìṣẹ́rì, kí ẹ gba Ìgàńdò já sí Ìyànà-Ìbà kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má mú ọjọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde o, èrò á ti kún etíkun.

Ẹ bá mi wọn ìbú àga Màmá lónìí, láti etí táyà kan dé èkejì, kí ẹ fi ránṣẹ́. Èmi ni màá pe àwọn òtẹ́ẹ̀lì láti ibí. Ẹ̀yin ẹ wá káfíńtà.

Èmi ni,
Àbúrò yín obìnrin