Ilé tí mo kọ́ fún alágẹmọ l'Ágége

1.
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń bi mí nínú DM pé, "Kí ló wà nínú àpótí eléwé tó máa ń wà lẹ́yìn ẹ nínú fídíò?" Ó dáa. Alágẹmọ ni. Alágẹmọ tó wà láàyè. Rárá, mi ò fi ṣe nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni, màmá mi mọ̀.

2.
Báyìí ló ṣe dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àdúgbò wa, láti Ọba Àkran dé Ògbà títí wọ Agége, ilé iṣẹ́ àti ilé ìkẹ́rùsí ló pọ̀ jù. Àárín wọn ni igbó kéékèèké máa ń wà, níbi tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ́lé sí. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, katakata wọ ọ̀kan nínú wọn. Kó tó di ọ̀sán, ó ti di ilẹ̀ pupa. Mégáàdì tó ń ṣọ́ ibẹ̀ mọ̀ mí torí mo máa ń ya fídíò òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì wọn. Ó pè mí: "Àǹtí onífídíò, ẹ tètè wá o, wọ́n fẹ́ pa á."

3.
Inú ike ọ̀dà ni mo bá a. Àwọn bọ̀ọ̀dá méjì ń jiyàn lórí ẹ̀. Ọ̀kan ní kí wọ́n da kẹrosíìnì sí i, èkejì ní òun mọ ẹni tó máa rà á fún àgbo. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan ti wú. Mégáàdì gbé ike náà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa lọ.

Ẹnìkan máa sọ pé ṣebí kí n kàn gbé e sínú igbó míì. Igbó wo? Ó ku sìmẹ́ńtì, gọ́tà àti ojú irin. Alágẹmọ tí ò lè di ẹ̀ka mú, oúnjẹ ológbò ni. Mo pinnu pé kó wà lọ́dọ̀ mi títí ẹsẹ̀ á fi san, tí òjò á sì dé.

4.
Màmá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò wọlé. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ohun tó o lọ kọ́ ní yunifásítì nìyí?"

Mi ò bá wọn jiyàn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n. Ẹ mọ ọdún Agẹmọ, tí àwọn olórí Agẹmọ mẹ́rìndínlógún máa ń jáde. Obìnrin kì í wò wọ́n lójú ọ̀nà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń ti màmá mi mọ́lé tí Agẹmọ bá ń kọjá. Ẹ tún wo ìtàn Ifẹ̀: nígbà tí wọ́n dá ilẹ̀ tán, agẹmọ ni wọ́n rán wá pé kó wá wò ó bóyá ilẹ̀ ti le tó. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tó fi ń rìn jẹ́jẹ́ títí dòní. Tẹ́ ẹ bá wá dé ọjà Ojúwoyè ní Mushin, ẹ máa rí gbígbẹ rẹ̀ lórí àtẹ. Fún màmá mi, kì í ṣe ẹranko lásán. Mo gbà. Mo kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi di ìgbà òjò.

5.
Ó yá, ilé kíkọ́. Ohun àkọ́kọ́: ẹ má lo gíláàsì bíi ti ẹja. Alágẹmọ fẹ́ atẹ́gùn. Mo ní kí káfíńtà fi àjákù pákó kan férémù: ẹsẹ̀ bàtà méjì ní fífẹ̀, méjì ní jíjìn, mẹ́rin ní gíga. Gíga ló ṣe pàtàkì jù torí orí igi ló ń gbé. A fi nẹ́ẹ̀tì onírin ojú fèrèsé bò ó yípo, kì í ṣe ti aṣọ, torí èékánná rẹ̀ máa ń há sínú aṣọ.

6.
Ìsàlẹ̀: òkúta wẹ́wẹ́ kó omi lè rí ibi sẹ̀ sí, èédú lé e, nẹ́ẹ̀tì kékeré kan, lẹ́yìn náà ilẹ̀ dúdú tí wọn ò fi fatiláísà sí.

Ewéko: pèrègún ni mo kọ́kọ́ gbìn. Ẹ má rẹ́rìn-ín, pèrègún wà lára ewéko tí àwọn tó ń sin alágẹmọ lókè òkun máa ń rà lówó ńlá. Tiwa wà lẹ́yìn ilé. Mo fi hibiscus àti money plant kún un. Ẹ fi omi fọ gbogbo ewé kẹ́ ẹ tó gbìn ín, torí àwọn olódòdó ẹ̀bá títì máa ń fín oògùn kòkòrò sí i. Ẹ má gbin lápálápá tàbí dumb cane. Májèlé wà nínú wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ka igi gbígbẹ tó tó ìka ọwọ́ ní sísanra, kí wọ́n dábùú kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òpópónà rẹ̀ nìyẹn. Ìka méjì ní apá kan ẹsẹ̀, mẹ́ta ní apá kejì, ó rí bí ẹ̀mú. Kò dára fún ilẹ̀ tó tẹ́jú.

7.
Omi: ẹ lè gbé abọ́ omi síwájú rẹ̀, kí òǹgbẹ ṣì gbẹ ẹ́. Omi tó ń kán lórí ewé ló máa ń lá. Mo ra ike tí àwọn onídìrí fi ń fọ́n omi sí irun. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mò ń fọ́n ewé, pàápàá nínú ọyẹ́. Mo tún fi abẹ́rẹ́ lu ike omi kan, mo gbé e sórí àpótí, kó máa kán díẹ̀díẹ̀.

8.
Oòrùn: ìtànṣán tí wọ́n ń pè ní UVB ló ń jẹ́ kí ara rẹ̀ pèsè fítámì D3, èyí ló sì ń jẹ́ kí kálísíọ̀mù wọ inú eegun. Tí ò bá rí i, eegun á rọ̀, ẹsẹ̀ á wọ́. Gíláàsì fèrèsé kì í jẹ́ kí UVB kọjá, torí náà ẹ̀yìn fèrèsé ò tó. Lókè òkun, gílóòbù pàtàkì ni wọ́n ń tàn. Pẹ̀lú NẸ́PÀ tiwa? Ẹ jọ̀ọ́. Èmi máa ń gbé àpótí síta láàárọ̀, kí ìdajì wà nínú oòrùn, kí ìdajì wà lábẹ́ ibòji. Tó bá yanu sílẹ̀ tí ara rẹ̀ sì funfun, ooru ti pọ̀ jù.

Tí ará ilé bá tan jẹ́n, mo máa ń yára gbé e kúrò. Èéfín yẹn ò dára fún èmi gan-an.

9.
Oúnjẹ: tata àti ìrẹ̀. Ẹ má mú kòkòrò lẹ́bàá gọ́tà ilé iṣẹ́, ẹ ò mọ ohun tó ti jẹ. Mo ń sin ìrẹ̀ nínú ike, mo ń fún wọn ní ẹ̀fọ́ àti kárọ́ọ̀tì. Mo máa ń lọ èèpo ẹyin kúnná, mo sì máa ń bù ú wọ́n wọn lára kí n tó fún un. Ẹ̀yin ẹ wo fídíò yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: ahọ́n tó gùn ju ara rẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti padà.

10.
Àwọ̀ ńkọ́? Àbúrò mi gbé jẹ́sì Arsenal síwájú àpótí, ó ń retí kó pọ́n. Ńṣe ló dúdú. Inú ń bí i ni! Kì í ṣe ohun tó bá dojú kọ ló ń dà. Ìbẹ̀rù, ooru, òtútù, ìbínú, ó ń fi àwọ̀ sọ̀rọ̀ ni. Ní 2015, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Geneva ṣàyẹ̀wò irú kan tó wà ní Madagascar, wọ́n rí i pé kírísítálì kéékèèké wà nínú awọ rẹ̀. Tó bá fà wọ́n jìnnà síra, ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń dá padà á yí, àwọ̀ náà á sì yí.

11.
Ẹsẹ̀ ti ń san nígbà tí mo rí i pé ikùn rẹ̀ tóbi, ó sì ń rìn káàkiri ìsàlẹ̀ àpótí. Alágẹmọ tó ń gbé ìsàlẹ̀, nǹkan wà níbẹ̀. Ẹyin ni. Tí abo ò bá rí ilẹ̀ tó jìn tó gbẹ́, ẹyin lè há sí i nínú kó pa á. Mo gbé ike ńlá kan wọlé, mo da yanrìn tútù sí i tó jìn tó ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, mo fi aṣọ bo àpótí, mo sì kúrò níbẹ̀.

Lóru, mo rí màmá mi tí wọ́n jókòó sílẹ̀ nínú òkùnkùn, wọ́n ká aṣọ díẹ̀ sókè, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń gbẹ́lẹ̀. Obìnrin tí wọ́n ń tì mọ́lé. Wọ́n ní, "Ó ti rẹ̀ ẹ́." Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Alágẹmọ ti bímọ tiẹ̀ tán, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ."

Ẹyin mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn ni wọ́n ń rán mi létí omi.

12.
Ó wá kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ "Eélòó?" Ẹnìkan fẹ́ fún mi ní ₦80,000. Mo nílò owó, ẹ má tàn mí, rẹ́ǹtì ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: láti Gánà, Tógò àti Benin ni wọ́n ti ń kó Chamaeleo gracilis àti Chamaeleo senegalensis lọ tà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Inú igbó ni wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Òǹgbẹ á ti gbẹ wọ́n, aràn á ti kún inú wọn kí wọ́n tó délé ẹni tó rà wọ́n. Àdéhùn CITES, tí Nàìjíríà ti wà nínú ẹ̀ láti 1974, ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó wọn kọjá ẹnubodè láìgba ìwé àṣẹ. Tí mo bá ta ọ̀kan, lọ́la ni àwọn bọ̀ọ̀dá oníke ọ̀dà yẹn máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn kiri torí mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn fẹ́ràn àpótí eléwé, ẹ kọ́ ọ. Pèrègún nìkan tó o. Ìgbín náà máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

13.
Nígbà tí òjò dé, mo ní mo fẹ́ wá igbó tí mo máa dá a sílẹ̀ sí. Màmá mi ní, "Tó bá máa lọ, oko wa ni kó lọ." Bẹ́ẹ̀ la ṣe wọ mọ́tò lọ sí Ìjẹ̀bú, àwa mẹ́ta. Mo gbé e sórí ẹ̀ka kan. Ó na ẹsẹ̀ iwájú tó ti wú yẹn, ó mì síwájú, ó mì sẹ́yìn, ó tẹ ẹ̀ka náà wò, kó tó gbé ìkejì. Màmá mi ò sọ nǹkan kan títí a fi dé Bẹ́gà.

14.
Àwọn ẹyin ṣì wà lọ́dọ̀ mi nínú ilẹ̀ tútù. Ó lè tó oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó pa. Oko yẹn ni àwọn náà ń lọ.

Tí katakata bá wọ igbó àdúgbò yín, ẹ lọ wo inú koríko kí wọ́n tó tan iná. Ẹ sì sọ fún mi lábẹ́ ibí: alágẹmọ, agẹmọ àbí ọ̀gà, èwo lẹ ń pè é nílé yín? Mo ń ka gbogbo ẹ̀. "Eélòó" nìkan ni mi ò ní dáhùn.