Ihò Tó Gbé Afárá Pontypridd Dúró

Ihò mẹ́fà ló wà lára afárá àtijọ́ Pontypridd ní gúúsù Wales, mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì. Èyí tó tóbi jù nínú mẹ́ta fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 9, ìkejì tó 6, èyí tó kéré jù tó 3. Òkúta afárá náà tẹ̀ bí òṣùmàrè láti bèbè odò Taff kan dé èkejì láìsí òpó kankan nínú omi, góńgó orí rẹ̀ sì tín-ín-rín débi pé àyà ẹni tó ń wò ó lè já. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ka àwọn ihò náà sí ọ̀ṣọ́ lásán. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ihò yẹn ló gbé afárá náà dúró, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà lára afárá mẹ́ta tó ti wó ṣáájú rẹ̀.

William Edwards, àgbẹ̀ àti oníwàásù tó fúnra rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà, ló gba iṣẹ́ náà ní 1746. Àdéhùn tó ṣe le: 500 pọ́n-ùn ni owó iṣẹ́, afárá sì gbọ́dọ̀ dúró fún ọdún 7. Afárá àkọ́kọ́ ní òpó nínú odò. Kò tó ọdún mẹ́ta tí omi fi kún. Igi àti pàǹtírí tí àgbàrá ń wọ́ bọ̀ há sẹ́nu àwọn òpó, omi ò rọ́nà kọjá, ló bá gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Edwards wá pinnu pé afárá yóò fo odò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ bàtà 140. Èkejì wó kí wọ́n tó parí rẹ̀. Ẹ̀kẹta parí, àmọ́ kò pẹ́ tí òun náà fi lọ, ìṣubú yìí gan-an ló sì ní ọgbọ́n nínú, nítorí kì í ṣe omi ló wó o. Ohun tí wọ́n rọ sí ìgbáròkó rẹ̀ méjèèjì, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tó wà láàárín góńgó àti bèbè odò, ti wúwo ju àárín rẹ̀ lọ. Ẹ tẹ pankẹ́rẹ́ bí ọrun, kí orí rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí ẹ wá fi ọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì: àárín ni yóò ta sókè. Bí góńgó afárá ẹ̀kẹta ṣe ta sókè nìyẹn, òkúta ibẹ̀ sì tú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nígbà tí Edwards kọ́ ẹ̀kẹrin ní 1756, ó dá ihò sí ìgbáròkó, ẹrù ibẹ̀ sì fúyẹ́.

Àwọn kan yóò ní ìwúwo òkúta ló ń mú ilé dúró. Òótọ́ ni fún ògiri. Ṣùgbọ́n òkúta afárá tó tẹ̀ ń ti ara wọn ni. Bí ìhà kan bá ti ju èkejì lọ, ìwúwo náà di ọ̀tá. Àwọn mìíràn lè ní oríire ló gbè é, torí ẹni tó bá dán nǹkan wò lẹ́ẹ̀mẹrin yóò ṣáà rí i ṣe. Kí ló wá dé tí ihò fi tún wà lára afárá Dolauhirion, tí Edwards kọ́ sórí odò Tywi ní 1773, ẹyọ kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan? A kì í fi oríire ṣe àwòṣe. Ẹ̀sùn tí mo gbà ni pé Pontypridd ga gègèrè jù. Kẹ̀kẹ́ ẹrù kò lè sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ láìsí ohun tí wọ́n fi ń fà á sẹ́yìn, ìyẹn ló sì jẹ́ kí wọ́n kọ́ afárá mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní 1857. Àbùkù ńlá ni fún ọ̀nà, àmọ́ kò kan agbára òkúta rárá. Ní oṣù Èrèlé 2020, odò Taff kún wọ àárín ìlú Pontypridd. Afárá 1756 ṣì wà lórí ìdúró.