Ìrántí Bàbá Wa Tí Í Tún Ọkọ̀ Òfuurufú Ṣe



Lẹ́yìn tí a ti sin Bàbá wa, tí a sì ti ṣe gbogbo ohun tí ó yẹ fún olùbọ Ògún, àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ rí wá bá wa kẹ́dùn nínú gbọ̀ngàn tí a ti máa ń pàdé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé Ògún ni Bàbá ń bọ. Àwa tí a sì ti ń bá a bọ Ògún fún nǹkan bí ogún ọdún kò fi bẹ́ẹ̀ mọ irú òṣìṣẹ́ tí ó jẹ́. Ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ náà ni ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ó kan aáwọ̀ kan tí ó wà láàárín àwa àti Bàbá, tí a kò parí kí ó tó lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ aáwọ̀ náà. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, arákùnrin kan fẹ́ kí a ṣe Ògún fún òun. A ti san owó gbọ̀ngàn, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí ọjọ́ ku díẹ̀, Bàbá pè é jókòó, ó bi í léèrè àwọn èèwọ̀ tí yóò máa pa mọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Kò lè dáhùn. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ méje ni. Bàbá ní kí a sún un síwájú. A bẹ̀ ẹ́, a bínú, a ní kí ó wo owó tí a ti ná. Ó ní, “Èmi kò ní fọwọ́ sí i.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan nínú wa pè é ní olóríkunkun, àwọn mìíràn kò sì kí i fún oṣù mélòó kan bí ó ti yẹ kí a máa kí àgbà.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ dìde sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn jẹ́ òyìnbó arúgbó kan tí òun àti Bàbá ti jọ ṣe iṣẹ́ òru. Ó ní ní ibi iṣẹ́ wọn, a máa ń ya àwòrán irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ara pátákó tí a ń kó wọn kọ́ sí. Bí iṣẹ́ bá parí, tí àyè kan sì ṣófo, ó lè jẹ́ pé irinṣẹ́ náà wà nínú ọkọ̀. Ní òru ọjọ́ kan, sípánà kékeré kan ni kò padà sí àyè rẹ̀. Àwọn tó kù ní yóò ti bọ́ sílẹ̀ níbòmíràn. Bàbá ní ọkọ̀ náà kò ní gbéra. Ó wá a títí ilẹ̀ fi mọ́, ó sì rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn irin tí awakọ̀ fi ń darí ọkọ̀.

Obìnrin kan tí Bàbá kọ́ níṣẹ́ ni ó tẹ̀lé e. Ó ní nígbà tí òun ṣì jẹ́ ọmọ iṣẹ́, òun fún bóòtù kan le jù, kò sì sí ẹni tí ó rí òun. Ọkàn òun kò balẹ̀, òun sì lọ jẹ́wọ́. Kí Bàbá tó bá òun wí, ó kọ́kọ́ dúpẹ́. Ó ní bóòtù tí a fún le jù lè dúró lónìí kí ó já lọ́la, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lè jẹ́wọ́ ni a lè fi ọkọ̀ lé lọ́wọ́. Ó wá kọ́ òun bí a ti ń tan iná tọ́ọ̀ṣì gba ẹ̀gbẹ́ ara irin, kí ibi tí ó sán, tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, lè hàn.

Ọmọ Yorùbá kan tí ó ti bá Bàbá ṣiṣẹ́ ní Èkó kí wọ́n tó sọdá sí Amẹ́ríkà ni ó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó rán wa létí pé lẹ́yìn àtúnṣe, ọkọ̀ òfuurufú kò gbọdọ̀ gbéra àfi bí ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ bá fi orúkọ ara rẹ̀ sí i pé iṣẹ́ náà pé. Ní ọjọ́ kan, Bàbá rí ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọ̀gá ní àwọn èrò ti ń dúró. Bàbá ní, “Èmi kò ní fọwọ́ sí i.” Wọ́n gbé e kúrò nídìí ọkọ̀, wọ́n fi í ṣọ́ yàrá ẹrù fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Nígbà tí a gbọ́ gbólóhùn yẹn, a wo ojú ara wa. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè sọ̀rọ̀.

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún, Bàbá a máa sọ ìtàn Charles Taylor fún wa. Ọjọ́ náà ni a bí Taylor, ní ọdún 1868. Òun ni ó ṣe ẹ́ńjìnnì tí àwọn arákùnrin Wright fi fò ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá, ọdún 1903. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ó fi ṣe é ní ìsọ̀ kẹ̀kẹ́ wọn ní Dayton, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Gbogbo ayé mọ orúkọ Wright, ṣùgbọ́n orúkọ Taylor fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ìgbà tí ó ti di arúgbó aláìsàn, tí kò lówó lọ́wọ́, ní ilé ìwòsàn kan ní Los Angeles ni àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tó dá owó jọ láti tọ́jú rẹ̀. Ó kú ní ọdún 1956. Lónìí, ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni a fi ń bọlá fún àwọn tí ń tún ọkọ̀ òfuurufú ṣe ní Amẹ́ríkà. Bí Bàbá bá parí ìtàn náà, a ní, “Ẹ má jẹ́ kí ó máa pẹ́ jù.”

Àwa jẹ́ kí ó pẹ́ jù. A kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Arákùnrin tí ó dá dúró yẹn padà wá lẹ́yìn ọdún kan ààbọ̀, ó ka àwọn èèwọ̀ rẹ̀ láìṣì kan, Bàbá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe Ògún fún un. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó sọ fún Bàbá pé òun ni ó jàre. Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, àwa dìde dúró, a kò rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹ mọ̀ pé bí olùbọ Ògún bá fẹ́ búra, irin ni ó ń fi ẹnu kàn. Ìbúra ni orúkọ tí Bàbá ń fi sí ìwé ọkọ̀. Ìbúra kan náà ni ó kọ̀ láti jẹ́ níwájú wa lọ́jọ́ náà, nítorí pé kò lè fi irọ́ kan irin. Bí àgbà kan bá ní kí ẹ dúró, ẹ bi í léèrè ohun tí ó rí, kí ẹ tó bínú. Bí ẹ bá sì jẹ̀bi àgbà tí ó ṣì wà láàyè, ẹ lọ bá a lónìí.

Bàbá, ẹ dárí jì wá. Kí Ògún má ṣe jẹ́ kí a fọwọ́ sí ohun tí a kò yẹ̀ wò. Àṣẹ.