Òtútù Tí Kì Í Fọhùn

Ní ilé ìwòsàn alábọ́dé tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, èmi ni wọ́n fa fìríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára lé lọ́wọ́. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo máa ń ka ìwọ̀n ojú rẹ̀, mo sì máa ń kọ ọ́ sínú ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Dígíríì 2 sí 8 ló yẹ kó wà, ibẹ̀ náà ni mo sì máa ń bá a. N kò bi ara mi léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láago méjì òru.

Ooru ni gbogbo wa ń sá fún. Iná ọba kò ṣeé gbọ́kàn lé, nítorí náà, kí n tó lọ sílé, mo máa ń yí fìríìjì náà kí ó tutù sí i, kí òtútù rẹ̀ lè pẹ́ bí iná bá lọ lóru. Mo gbà pé ìtọ́jú ni mo ń ṣe.

Bẹ́ẹ̀, ooru kò lè bo àṣírí ara rẹ̀. Àmì róbótó kan wà lára ọ̀pọ̀ ìgò abẹ́rẹ́, tó ní onígun mẹ́rin láàárín. Bí ooru bá ṣe ń bá a jà ni onígun mẹ́rin náà ń dúdú sí i, títí a ó fi mọ̀ pé kò ṣeé lò mọ́. Òtútù kò ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú B àti ti ipá ní èròjà aluminium nínú. Bí wọ́n bá di yìnyín pẹ́nrẹ́n, èròjà náà á ṣù, agbára wọn á sì dínkù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, yìnyín ti yọ́, ojú lásán kò sì ní rí nǹkan kan. Lóòótọ́, a lè mọ̀ọ́mọ̀ sọ ìgò kan di yìnyín, kí a jẹ́ kó yọ́, kí a wá mì í pọ̀ mọ́ èyí tí a ń fura sí, kí a wo bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wọn ṣe ń rọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn ní láti kọ́kọ́ fura ná.

Ẹ̀rọ kékeré tó ní sẹ́ńsọ̀ ló bá wa fura. Ọgbọ̀n ọjọ́ ló ń rántí. Bí inú fìríìjì bá kọjá dígíríì 8 fún wákàtí 10 lọ́wọ́ kan, á pariwo. Bí ó bá rọ̀ dé ìdajì dígíríì sí ìsàlẹ̀ òdo, ìṣẹ́jú 60 péré ló ń fara dà. Àárín àwọn ìgò ni a gbé e sí, kì í ṣe ẹ̀bá ilẹ̀kùn.  

Láàárọ̀ tó tẹ̀ lé òru kẹta tí a gbé e síbẹ̀, ẹ̀rọ náà ti ń ké kí n tó ṣílẹ̀kùn. Òru mẹ́ta tẹ̀ léra ni inú fìríìjì ti bọ́ sísàlẹ̀ òdo. Ọwọ́ mi tó ń yí i nírọ̀lẹ́ ló fà á. Ìwé orí ilẹ̀kùn ṣì ń sọ pé dígíríì 4 ni.

A kó àwọn ìgò náà sọ́tọ̀. A wá ṣí ìwé orúkọ, a sì ránṣẹ́ sáwọn ìyá tó gbọ́mọ wá lóṣù yẹn pé kí wọ́n padà wá. Àwọn kan wá, wọ́n tún gbà á. Àwọn mìíràn ti kó kúrò ládùúgbò.